Ẹsẹ̀ Mi Lórí Kílọ́ọ̀ṣì Títí dé Parakú

Ẹ̀yin ará Kàbbà, okun o. Ẹ̀yin ará Ìyàrá, ẹ̀yin ará Ìkòyí àti Ifẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti Ẹ̀júkù wá bá wa sin Sámúẹ́lì ọkọ mi, okun o. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí léèrè ohun tí ojú mi rí. Ẹni tó bá bi mí lọ́jà, ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo fi ń dá a lóhùn, torí pé ata wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà ń wojú wa. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ìwé kẹrin ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó tó, ṣùgbọ́n Tíṣà Ẹbẹnésà tó kọ́ mi kò kọ́ mi ní ẹ̀kọ́kẹ́kọ̀ọ́. Bí mo bá ṣi àmì kan, ẹ bá mi tún un ṣe lẹ́nu yín, kí ẹ sì máa kà á lọ.

Ohun tí mo rù

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni Sámúẹ́lì ní láyé, Ìyé Rúùtù, tó ti ń gbé Parakú láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ tó ń ta aṣọ ti mú un lọ síbẹ̀. Òun ló pọ̀n Sámúẹ́lì nígbà tí ìyá wọn kú. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú báyìí, orúnkún rẹ̀ kò gbé e rìn mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí Sámúẹ́lì lọ, Bàbá Jósẹ́fù, olórí ẹbí wa, pe gbogbo wa jọ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi fóònù sọ ọ́ fún un. Nílé wa, ikú àbúrò kì í gba inú ẹ̀rọ dé etí ẹ̀gbọ́n. Èèyàn ni yóò gbé e lọ, yóò kúnlẹ̀, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ọwọ́ lè wà nítòsí tí yóò di ẹni tó gbọ́ ọ mú. A ránṣẹ́ sí Ìyé Rúùtù pé à ń bọ̀. A kò sọ ẹni tó ń bọ̀.

Àwọn kan ní opó kì í rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ìyé Dọ́kásì, aládùúgbò mi, sọ ọ́ sí mi lójú pé kí n jókòó sílé kí n máa sunkún bí ẹgbẹ́ mi. Mo ní mo lè máa sunkún nínú ọkọ̀. Bàbá Jósẹ́fù rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ náà, ó ní ẹni tó di ọwọ́ olóògbé mú títí èémí fi tán ló yẹ kó lọ jẹ́ iṣẹ́ náà. Bó ṣe di tèmi nìyẹn.

Ọkọ̀ Sámúẹ́lì ni a gbé, èyí aláwọ̀ aró tí gbogbo yín mọ̀. Sàlíù ló wà á. Ẹni tí kò bá mọ Sàlíù, ọmọ Ìyé Mẹ́múnà ará Ìyàrá ni, ó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́bàá ọ̀nà Lọ́kọ́jà, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ewú sì ti ń yọ ní irùngbọ̀n rẹ̀. Bí òun bá fẹ́ kírun, èmi a kọrin díẹ̀, ọkọ̀ a sì dúró de àwa méjèèjì.

Láti ilé dé Kìṣí

N kò ní fi ọ̀nà ilé wa yọ yín lẹ́nu. Ẹ mọ kòtò rẹ̀ jù mí lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí ọkọ̀ ṣe ń rí lára èèyàn nígbà tí ẹni tó ni ín kò sí nínú rẹ̀. Ìjókòó tí mo jókòó sí, èmi ló ni ín láti ìgbà tí Bọ́sẹ̀ ọmọ mi ti wà lẹ́yìn mi. Ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà. Òórùn ọṣẹ tí Sámúẹ́lì fi ń fọ epo kúrò lọ́wọ́ ṣì wà lára aṣọ ìjókòó. Bí a bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Sàlíù a yí jíà bí ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Mo wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì yára wo ìta.

Ní Kìṣí, ìyá kan ń ta ẹ̀kọ gbígbóná lẹ́bàá ọ̀nà. Mo bi í ní orúkọ, ó ní Ìyá Rábì. Ó rí aṣọ dúdú lára mi, kò béèrè nǹkan kan, ó kàn fi ẹ̀kọ kan lé tèmi, ó sì fọwọ́ nu etí abọ́ náà kó tó gbé e fún mi. Ẹ rántí Ìyá Rábì fún mi nínú àdúrà yín.

Ibẹ̀ ni Bọ́sẹ̀ ti pè mí. Ó ní Túndé, ọmọ ọmọ Bàbá Jósẹ́fù tó wà ní Àbújá, ti gbé àwòrán bàbá òun sórí wásáàpù, ó sì kọ "Sùn re o" sábẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ti bá a wí, ó sì ti yọ ọ́, àmọ́ Túndé ń sunkún pé òun máa pe Ìyé Rúùtù ní Parakú láti tọrọ àforíjì. Bọ́sẹ̀ ní òun bẹ̀ ẹ́ pé kó má pè. Ó ní, "Ìyé, n kò mọ bí ó ṣe máa ní sùúrù tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè."

Sàlíù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò jẹ ẹ̀kọ tirẹ̀ tán.

Ẹnu ibodè

Ní ẹnu ibodè, ọ̀gá kan tó ga bí òpó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Páskà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó fi Faransé bi mí ní nǹkan. Mo fi Hausa dá a lóhùn. Ẹ má rò pé mo lọ Kánò kọ́ Hausa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Kàdúná ni wọ́n ti ń ṣe ìjọba lé àwa Okun lórí, bàbá mi sì ṣe ọlọ́pàá ìbílẹ̀; èdè náà máa ń bá a wọlé pẹ̀lú bàtà rẹ̀. Ọ̀gá Páskà náà gbọ́ díẹ̀. Ó wo aṣọ dúdú mi, ó béèrè pé ta ni. Mo ní, "Mijina." Ọkọ mi ni. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sí àyà, ó sì tẹ ọwọ́ síwájú pé kí a máa lọ. Mo ti rí ọmọ ilé wa tí kò mọ ìwà hù tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ibodè ni mo tó mọ̀ pé mo ti di àlejò. Ìtàkùn ẹ̀wà kan náà, igi emi kan náà, ewúrẹ́ kan náà lójú títì. Epo ọkọ̀ ló wà nínú ìgò lórí tábìlì káàkiri, tó ń tàn nínú oòrùn bí oyin ìgàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kí Sàlíù dúró kí a ra oyin. Àmọ́ mo kí obìnrin kan tó ń rékọjá, ó dá mi lóhùn dáadáa, n kò sì mọ ohun tó fi dá mi lóhùn. Ó ṣe mí bákan, bí ẹni tó na ọwọ́ gba omi tí omi sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Àwọn Bàrùbá ló ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ìkíni wọn gùn. Èèyàn méjì yóò pàdé, wọn yóò lóṣòó, wọn yóò béèrè ilé, ọmọ, màlúù, oko, oorun àná, wọn yóò tún padà sórí ilé. Mo ti rò pé àwa Okun, tí a fi ìkíni wa sọ gbogbo ilẹ̀ wa lórúkọ, la mọ ìkíni jù. Mo rí ẹgbẹ́ wa, inú mi sì dùn.

Ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti kú

Ọ̀nà ibẹ̀ ní ìlà ìlà bí pátákó ìfọṣọ. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, eyín wa ń gbọ̀n. A dé etí abúlé kan, Sàlíù fẹ́ yí jíà, jíà sì ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó tún kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀, ó wọlé pátápátá, kò padà. Mo ní kó fi ìka ẹsẹ̀ gbé e sókè. Ó gbé e, ó tún lọ sùn bí ajá tó rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbọ́. Lára ọkọ̀ tiwa, òróró bíréèkì ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ dé ibi kílọ́ọ̀ṣì, nínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lókè, òróró ti ọ̀pá kékeré nísàlẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì là, jíà wọlé. Òróró kì í súnkì. Afẹ́fẹ́ ló máa ń súnkì. Bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá wọ páìpù náà, ara rẹ̀ ni gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ yóò parí sí, jíà kò ní mọ̀ pé o tẹ nǹkan. Sámúẹ́lì máa ń ní ó dà bí kí èèyàn rán ọ̀lẹ níṣẹ́.

Sàlíù wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, eruku pupa ní gbogbo ojú. Ó ní nọ́ọ̀tì orí páìpù ló tú nínú gbígbọ̀n náà, òróró ti ṣàn dànù, afẹ́fẹ́ ti rọ́pò rẹ̀. Ó ti dì í padà. Ó ku kí a rí òróró, kí a sì fa afẹ́fẹ́ náà jáde, iṣẹ́ ẹni méjì ni èyí sì jẹ́: ọwọ́ kan nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè.

Kò béèrè ẹni tó máa ṣe ẹsẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé Sámúẹ́lì, èmi ni ẹsẹ̀. Ọmọṣẹ́ ń wá, ọmọṣẹ́ ń lọ. Bó bá ti di ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, yóò ránṣẹ́ sí mi nídìí ata. Ó ní ẹsẹ̀ ọkùnrin máa ń kánjú. Kì í sì í fi ẹnu pe ìgbà tí màá tẹ̀ ẹ́, nítorí etí ọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí wa, ọ̀rọ̀ a sì dàrú mọ́ ọ̀rọ̀. Sípánà ló fi ń kan ikùn ọkọ̀. Lẹ́ẹ̀kan: fún un, tẹ̀ ẹ́ léraléra, kí o sì dì í mú mọ́lẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì: jọ̀ ọ́, gbé ẹsẹ̀. Láàárín ìkan àti méjì yẹn, bí ilé bá ń jó, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò, torí ẹnu páìpù ti là nísàlẹ̀. Bí o bá gbé ẹsẹ̀, yóò fa afẹ́fẹ́ mu padà.

Iyán Bàkè

Àwọn ará abúlé bá wa ti ọkọ̀ lọ sábẹ́ igi dóńgóyárò. Ọkùnrin kan tó ń tún alùpùpù ṣe níbẹ̀, Ùmárù, gbọ́ Hausa dáadáa ju tèmi lọ. Ó ní òun ní òróró bíréèkì díẹ̀ nílé, ó sì lọ mú un. Bàkè ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí n dúró lórí ìdúró. Ó fà mí wọ agbo ilé.

Odó kan ni wọ́n ń gún, obìnrin mẹ́ta, ọmọrí odó mẹ́ta, ọ̀kan ń lọ ọ̀kan ń bọ̀, wọn kò sì kọlu ara wọn rí. Iyán yẹn funfun, ó fà. Mo fi ìka wá kókó inú rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe fún ìyàwó tuntun, n kò rí kókó kan. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n fi gbé e fún mi, pẹ̀lú wàrà díndín tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Mo jẹ ẹ́. N kò tíì jẹun báyìí láti ọjọ́ ìsìnkú. Bàkè ń wo ẹnu mi. Mo fi Hausa sọ fún un pé iyán rẹ̀ dára, pé ó kù díẹ̀ kó dé ti Kàbbà. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn yòókù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sórí odó tó dojú dé. Bàkè ní kí n sọ fún àwọn obìnrin Kàbbà pé kí wọ́n wá fi díẹ̀ tó kù náà han òun. Mo ti jíṣẹ́ yìí o.

Ìkúnlẹ̀

Sàlíù tẹ́ àpò sábẹ́ ọkọ̀, ó wọ ibẹ̀. Ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu nípù, ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ máa ń gbà jáde, ó sì ki ẹnu kejì rọ́bà náà sínú ìgò tó ní òróró díẹ̀ nínú. Ùmárù dúró níwájú, ó ń rọra bu òróró sínú ike abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kó má baà gbẹ. Mo bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń ṣe é. Ẹsẹ̀ tó wọ bàtà kì í gbọ́ ohun tí páìpù ń sọ.

Sàlíù kan irin. Gbàn.

Ẹ̀yin ará ilé, bí Sámúẹ́lì ṣe ń kàn án gan-an ló ṣe kàn án. Ọwọ́ kan náà, kò le, kò rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá di ojú mi nígbà yẹn tó ní ta ló wà lábẹ́ ọkọ̀, orúkọ ọkọ mi ni n bá pè. Omi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fún un, mo fún un, mo dì í mú. Nípù là, ẹsẹ̀ mi rọra wọlẹ̀, ìgò sì hó gùdùgùdù bí àgbo lórí iná. Mo dúró lórí rẹ̀. Gbàn-gbàn. Mo jọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ń bá a lọ, ìhó inú ìgò ń dín kù, ẹsẹ̀ mi sì ti ń rí nǹkan díẹ̀ gbára lé.

Ìgbà náà, tí nípù là tí ẹsẹ̀ mi sì wà mọ́lẹ̀, ni Bàbá Wòrú dé. Wòrú ni àwọn Bàrùbá ń pe àkọ́bí ọkùnrin, Sábí ni wọ́n ń pe èkejì, Bìó lẹ́kẹta. O gbọ́ orúkọ èèyàn, o ti mọ ipò rẹ̀ nínú ilé. Òun ni baálẹ̀ ibẹ̀. Agbádá funfun, ọ̀pá lọ́wọ́, gbogbo ẹni tó kọjá lára wọn ló ń lóṣòó. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ní, "Sannu da zuwa." Ẹ kú àbọ̀.

Orúnkún mi ti wà nínú erùpẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo bọ́ sílẹ̀. N kò rò ó. Ìyá mi tó tọ́ mi ló rò ó. Ó ṣe tán, nílé níbí, kò sẹ́ni tó ń retí ìkúnlẹ̀ lọ́dọ̀ mi bí mo bá wà lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ ti mọ̀ mí. Ẹ ó ní, "Ẹsẹ̀ Ìyé Bọ́sẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́," ẹ ó kí ọkọ̀, ẹ ó kọjá. Èmi gbàgbé pé àlejò ni mí.

Mo gbọ́ ọ nísàlẹ̀: fùùù. Páìpù ti mu òróró díẹ̀ tó wà nínú ìgò tán, ó sì fi afẹ́fẹ́ lé e.

Ohùn Sàlíù wá láti abẹ́ ọkọ̀.

"Ìyé, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ó wà lórí ìkúnlẹ̀."

"Ta ni ẹ̀ ń kúnlẹ̀ fún?"

"Baálẹ̀ ni."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi ti nà gbalaja fún wọn láti ẹ̀ẹ̀kan. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀yin jókòó."

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, n bá rẹ́rìn-ín. Ùmárù gbé agolo òróró sókè, ó mì ín létí, ó yí i dà sí mi kí n rí i. Ìdí rẹ̀ ló kù. Ó ní àfi Parakú ni a ti lè rí òmíràn. Mo ronú kan Túndé tó ń sunkún ní Àbújá, fóònù lọ́wọ́.

Bàbá Wòrú ti ń bi Ùmárù pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó sọ fún wọn. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní níbo ni mo ń sáré lọ. Mo sọ ọ́ ní Hausa tí mo ní: pé ọkọ mi ti kú, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó pọ̀n ọ́n kò tíì mọ̀, pé mo fẹ́ dé kí fóònù tó dé. Wọ́n nawọ́ sí ẹnìkan, wọ́n gbé ẹní wá. Baálẹ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀ wa, agbádá funfun nínú eruku, orí wọn kò dé orúnkún mi bí mo bá gun ìjókòó. Wọ́n ní:

"Ẹni tó ru ikú kì í kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ibi tó ń gbé e lọ ni yóò kúnlẹ̀ sí. Gun ìjókòó rẹ."

Lẹ́yìn náà wọ́n sọ̀rọ̀ kan ní Bàrùbá, kò gùn. Ùmárù sọ fún mi pé wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí mi títí ẹsẹ̀ mi yóò fi kúrò lórí irin náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ọjà ń tú. Àwọn obìnrin ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú igi lórí. Ẹni tó bá dé ibẹ̀, wọn a fi ìka sí ètè hàn án, a sọ ẹrù kalẹ̀, a dúró. Wọ́n pọ̀ yí wa ká. Àwọn tó ń kí ara wọn láti òwúrọ̀ dalẹ́ pa ẹnu mọ́ nítorí ẹsẹ̀ opó kan láti Kàbbà. Ìró tó kù ni ti ewúrẹ́, àti ti Sàlíù. Gbàn. Mo dì í mú. Gbàn-gbàn. Mo jọ̀ ọ́. N kò wo ẹ̀gbẹ́. Ùmárù ń fi ṣíbí bu òróró bí ẹni tó ń bu oògùn fún ọmọ tuntun.

Nígbà tó yá, ìgò kò hó mọ́. Òróró nìkan ló ń jáde, ó mọ́ gaara. Ẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́, ó sì dá a dúró ṣinṣin, bí ilẹ̀ ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Sàlíù dì nípù náà pa, ó jáde, ó gun ìjókòó, ó fi jíà sí i. Ó wọlé bí ọ̀bẹ nínú ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Ó bojú wò mí. Ó ní, "Ọ̀gá ò lè sọ̀rọ̀ sí wa."

Ìkíni wá dé lẹ́ẹ̀kan náà, bí òjò. Láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. N kò mọ ohun tí ọ̀kankan nínú rẹ̀ ń jẹ́, mo sì dá gbogbo rẹ̀ lóhùn ní Okun. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Wòrú. Wọ́n na ọ̀pá wọn dí mi, wọ́n ní kí n pa á mọ́ dé Parakú.

Parakú

Ìlú ńlá ni Parakú. Alùpùpù ń lọ bí eṣú, àwọn obìnrin jókòó lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àti agbòòrùn. Lójú ọ̀nà ọjà mo gbọ́ Yorùbá tí kò jọ tiwa, tó ń lọ sókè bí orin. Mo béèrè ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì fi alùpùpù rẹ̀ ṣáájú wa dé ẹnu ọ̀nà. Ó kọ̀, kò sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Òun nìkan ni n kò lè dárúkọ nínú ìwé yìí.

Oòrùn ń rọ̀. Ìyé Rúùtù wà níta lórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, ìka ló fi ń wá òkúta rẹ̀, kì í ṣe ojú. Yúnísì ọmọ rẹ̀ wà lẹ́bàá rẹ̀. Fóònù wà lórí ẹsẹ̀ Yúnísì. Mo wo ojú àwọn méjèèjì, mo sì rí i pé wọn kò tíì gbọ́.

Sàlíù kò lè bá mi bọ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì tẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó ń wo nǹkan. Ìṣe Sámúẹ́lì nìyẹn tó bá dé, kó tó wọlé. Ìyé Rúùtù gbọ́ ìró bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ tí Bàbá Wòrú ní kí n pa mọ́, ibẹ̀ ni mo kó o lé.

"Okun, Ìyé."

"Okun, ìyàwó wa. Ẹ pẹ́ lójú ọ̀nà. Mo ti ń retí yín."

"Afẹ́fẹ́ ló wọ kílọ́ọ̀ṣì, Ìyé."

"Ìwọ náà lo sì tẹ̀ ẹ́."

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Ó ń rẹ́rìn-ín sí àtẹ ẹ̀wà rẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé mo ti kí òun. N kò dìde. Ó ṣa òkúta kan, ó jù ú. Ó tún ní kí n dìde. Nígbà tí n kò dìde, ìka rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

"Ta ló wà lábẹ́ ọkọ̀?"

"Sàlíù ni, Ìyé."

"Sámúẹ́lì kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn wọ abẹ́ ọkọ̀ yìí bí òun bá wà níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyé."

Yúnísì ti fọwọ́ bo ẹnu. Ìyé Rúùtù gbé àtẹ sílẹ̀, ó wá ojú mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó rí i, ó dì í mú.

"Sọ ọ́ fún mi."

Mo sọ ọ́. Mo sọ bó ṣe jẹ́, mo sọ ọwọ́ rẹ̀ tí mo dì mú, mo sọ pé ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìpara orúnkún tó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dé. Igbe tó ké kò ṣeé kọ sínú ìwé. Orúkọ tó ń pè é nígbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló pè, èmi tí mo bá a gbé títí tí a fi darúgbó kò gbọ́ orúkọ náà rí. Yúnísì dì í mú lápá kan, mo dì í mú lápá kejì, orúnkún mi kò kúrò nílẹ̀.

A wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí fóònù ké. Yúnísì wò ó, kò fẹ́ gbé e.

"Ta ni?" Ìyé Rúùtù ló béèrè.

"Túndé ni. Láti Àbújá."

Ìyé Rúùtù fi etí ìró nu ojú. Ó gbé orí sókè bí ẹni tó fẹ́ gba oyè.

"Gbé e. Sọ fún un pé kó má sọ nǹkan kan. Sọ fún un pé ìyàwó wa ti dé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Ó wá ọ̀nà dé èjìká mi, ó fi ọwọ́ gbá a jẹ́jẹ́. Lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, bí sípánà Sámúẹ́lì.

Ìgbà náà ni mo tó dìde.